ÈRÈ, Ẹ̀BÙN ÀTI OYÈ: ÀGBÉYẸ̀WÒ ÀMÌ-Ẹ̀YẸ DAESANG NÍNÚ IṢẸ́ ÀWỌN ÒṢÈRÉ ÀTI OLÓRIN ORÍ TẸLIFÍṢỌ̀N NÍ KÒRÍÀ

1.0 Ìfáárà

Ní òpin oṣù Kejìlá ọdọọdún, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá mẹ́ta tí ó wà ní Kòríà Gúúsù, ìyẹn KBS, MBC àti SBS, a máa ṣe àjọyọ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi àmì-ẹ̀yẹ dá àwọn òṣèré wọn lọ́lá. Àwọn òṣèré eré oníṣe ní ọjọ́ tiwọn, àwọn apanilẹ́rìn-ín àti àwọn atọ́kùn ètò ìdánilárayá sì ní ọjọ́ tiwọn. Àmì-ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Daesang, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Kòríà jẹ́ 'ẹ̀bùn ńlá'. Bákan náà ni ó rí nínú àjọyọ̀ àwọn olórin: Daesang ni olórí, bonsang ni ó tẹ̀ lé e, àmì-ẹ̀yẹ mìíràn sì wà fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo.

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣèré wọ̀nyí, iye àmì-ẹ̀yẹ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ni wọ́n máa ń kà, bí ìgbà tí àgbẹ̀ ń ka ebè. Èrò tí ó wà nídìí irú kíkà bẹ́ẹ̀ ni pé ìdájọ́ ni àmì-ẹ̀yẹ, àti pé ẹni tí ó bá ní púpọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ dára jù. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé èrò náà kò kún tó. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ ìdánilárayá Kòríà. Ibi tí wọ́n bá ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ kan náà sì ni ìyà ti ń jẹ àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ Yoo Jae-suk, apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n bí ní ọdún 1972, ni yóò jẹ́ òpó tí àgbéyẹ̀wò yìí yóò fẹ̀yìn tì, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó hàn kedere nínú rẹ̀.

2.0 Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èrè, ẹ̀bùn àti oyè

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó lè ran ẹni tí ó ń ṣe lámèyítọ́ lọ́wọ́ níhìn-ín. Èkíní ni èrè. Èrè ni ohun tí iṣẹ́ bí fún òṣìṣẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni; ẹni tí ó bá dá a dúró ti rẹ́ ẹ jẹ. Èkejì ni ẹ̀bùn. Ọwọ́ ẹni tí ń fúnni ni ẹ̀bùn wà. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹjọ́ sùn pé wọn kò fún òun ní ẹ̀bùn, ẹni tí wọ́n bá sì fún gbọ́dọ̀ dúpẹ́, àìdúpẹ́ rẹ̀ a sì máa dí ọ̀nà ẹ̀bùn mìíràn. Ẹ̀kẹta ni oyè. Oyè yàtọ̀ sí méjèèjì ìṣáájú ní ti pé ẹrù ni. Ìlú a máa bu ọlá fún olóyè, ṣùgbọ́n ìlú kan náà ni yóò máa bi í léèrè ojúṣe rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rìn fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Wọ́n ń gba èrè, wọ́n sì ń gba ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ oyè ni. Ohun tí ènìyàn bá gbà wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó lè gbé e kalẹ̀. Ohun tí ó bá jẹ ti wọ inú ara rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ará Kòríà ń fi ojú Yorùbá wo àmì-ẹ̀yẹ wọn. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni pé bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n mẹ́ta yìí wọn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kòríà, ohun tí iye nìkan bò mọ́lẹ̀ yóò hàn síta.

3.0 Ta ni ó ń dájọ́?

Àwọn àmì-ẹ̀yẹ Kòríà kò ti ọwọ́ kan náà wá. Baeksang, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1965, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Ó ń wo iṣẹ́ gbogbo wọn pọ̀. Golden Disc, tí Cho Yong-pil kọ́kọ́ gba Daesang rẹ̀ ní ọdún 1986, fi títà àwo orin ṣe ìpìlẹ̀. Ní ọdún 2004 ni Korean Music Awards dé, tí àwọn alálàyé orin, oníròyìn àti àwọn mìíràn tí ó mọ iṣẹ́ orin ń dìbò sí, tí wọn kò sì ka iye àwo tí ó tà sí òṣùwọ̀n. Nínú àwọn wọ̀nyí, ẹni tí ń dájọ́ àti ẹni tí wọ́n ń dájọ́ fún jìnnà sí ara wọn dé ìwọ̀n kan.

Ti àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. KBS kì í fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún SBS nìkan ní ẹ̀bùn, SBS kì í sì í fún ti MBC. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ètò, tí ó gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́, tí ó sì ń pa owó ìpolówó lórí rẹ̀ ni ó tún ń yan ẹni tí ó ṣe é dára jù. Ọwọ́ kan náà ni ó ni ọjà, tí ó ni òṣùwọ̀n, tí ó sì ń jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Ìdí nìyí tí àwọn òǹwòran Kòríà fi ń fura sí i pé ẹni tí ó bá lè wá sí àjọyọ̀ ni wọ́n máa ń fún, àti pé ẹni tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún òun ní ọdún tí ń bọ̀ ni ó máa ń rí ojúure.

Àpẹẹrẹ tí àwọn ènìyàn kò tíì gbàgbé ni ti MBC ní ọdún 2008. Nínú àjọyọ̀ eré oníṣe ọdún náà, wọ́n pín Daesang láàrin Kim Myung-min àti Song Seung-heon. Kim Myung-min ni ó ṣe olùdarí ẹgbẹ́ olórin nínú Beethoven Virus, Song Seung-heon sì kópa nínú East of Eden. Àwọn òǹwòran bínú gidigidi. Wọ́n ní wọ́n ti pín ìdájọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń pín ẹran ọdún, kí inú ẹnikẹ́ni má baà bàjẹ́. Ìbínú yìí kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀bùn ni Daesang, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bínú bí olóore bá fún ènìyàn méjì dípò ẹnì kan. Ohun tí ó fa ìbínú ni pé ilé-iṣẹ́ náà ń fúnni bí ẹni ń fún ènìyàn lẹ́bùn, nígbà tí òǹwòran rò pé èrè iṣẹ́ ni wọ́n ń san.

Síbẹ̀, pínpín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 2007, MBC kan náà fún gbogbo ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ètò Infinite Challenge ní Daesang ìdánilárayá, wọ́n sì tún fún àgbà òṣèré Lee Soon-jae. Ètò Infinite Challenge kò ní ọ̀gá kan tí ó dá a ṣe. Ọkùnrin mẹ́fà ni, tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ tí ó ju agbára wọn lọ ka iwájú ara wọn, tí àṣìṣe ẹnì kan sì ń di ẹ̀rín lẹ́nu ẹnì kejì. Bí wọ́n bá yọ ẹnì kan nínú wọn láti dá a lọ́lá, wọ́n ti túmọ̀ ètò náà lódì. Nítorí náà, pínpín ọdún 2007 bá bí iṣẹ́ náà ṣe rí mu, ṣùgbọ́n ìfẹ́ láti tẹ́ tọ̀tún tòsì lọ́rùn ni àwọn òǹwòran rí nínú ti ọdún 2008.

Ẹni tí ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà síta lójú agbo ni Kim Gu-ra. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n kà á mọ́ àwọn tí ó lè gba Daesang ní SBS. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó ní kò yé òun ìdí tí orúkọ òun fi wà níbẹ̀, pé wọ́n kàn fi orúkọ kún orúkọ kí àkókò lè lọ ni, ó sì dámọ̀ràn pé kí ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta da àjọyọ̀ wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣeé sọ; ohun tí adájọ́ kò jẹ́ sọ àti ohun tí alágbàṣe kò gbọdọ̀ sọ, apanilẹ́rìn-ín sọ ọ́ tán.

4.0 Nígbà tí wọ́n bá sọ èrè di ẹ̀bùn

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ sí ti àwọn àgbà òṣèré, àwàdà ni gbogbo rẹ̀ ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ orin, àwọn ọmọdé ni ó wà nísàlẹ̀ àkàbà. Láti ìgbà tí SM Entertainment ti gbé ẹgbẹ́ H.O.T. jáde ní ọdún 1996 ni ó ti di àṣà pé kí ilé-iṣẹ́ gba ọmọdé sọ́dọ̀, kí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ ní orin àti ijó, kí ó sì gba owó rẹ̀ padà lára iṣẹ́ ọmọ náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣe ka ìwé àdéhùn wọn. Ní ọdún 2009, mẹ́ta nínú ọmọ ẹgbẹ́ TVXQ pe SM lẹ́jọ́ lórí àdéhùn ọdún 13. Ní ọdún náà ni àjọ ìjọba tí ń mójú tó òdodo nínú òwò gbé àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn jáde fún àwọn olórin, tí kò ju ọdún 7 lọ.

Àwọn mẹ́ta náà ń kọrin lọ ní orúkọ JYJ, àwo wọn sì ń tà, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí èèyàn tó rí wọn lórí ètò orin tẹlifíṣọ̀n. Èyí kan ọ̀rọ̀ àmì-ẹ̀yẹ gbọngbọn. Nínú ètò bíi Music Bank ti KBS, iye ìgbà tí wọ́n gbé orin sáfẹ́fẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń ṣírò láti mọ ẹni tí yóò gba ife ọ̀sẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá jẹ́ kí ó wọlé kò lè borí, bí ó ti wù kí ohùn rẹ̀ dára tó. Ní ọdún 2013 ni àjọ ìjọba náà pàṣẹ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú dídí wọn lọ́nà, ní ọdún 2015 ni wọ́n sì tún òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ṣe kí irú rẹ̀ má baà máa ṣẹlẹ̀. Ó gba òfin kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀tọ́ ni dídúró níwájú òǹwòran, pé kì í ṣe ojúure.

Èyí tí ó burú jù ni ti Produce 101. Mnet bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní ọdún 2016, ó sì ṣe é nígbà mẹ́rin títí di ọdún 2019. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n sì sọ fún àwọn òǹwòran pé ìbò wọn ni yóò yan àwọn tí yóò di ẹgbẹ́ olórin. Ìlérí tí ó wà nínú rẹ̀ dùn: pé wọ́n ti gba ìdájọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n sì ti fi lé ará ìlú lọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2019, lẹ́yìn àṣekágbá ìgbà kẹrin, àwọn òǹwòran jókòó ti iye ìbò tí wọ́n kéde, wọ́n sì rí i pé iye kan náà ni ó ń fi ara hàn léraléra láàrin ipò kan àti èkejì. Nọ́mbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé wọ́n ti yí ìbò nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé ẹjọ́ rán Ahn Joon-young, olùdarí ètò náà, ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ní ọdún 2020. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2021. Ẹgbẹ́ X1 tí ètò ọdún 2019 bí ti túká ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020.

Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, adájọ́ ka orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n fi èrú yọ kúrò. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń ṣe lámèyítọ́ dúró lórí kókó yìí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti gba ìjákulẹ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ òtítọ́. Wọ́n ti rò pé àwọn kò tó ni. Orúkọ tí adájọ́ kà nínú ilé ẹjọ́ ni ó dà bí àmì-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo tí wọ́n rí gbà, kò sì sí ijó tàbí òdòdó níbẹ̀. Èrè wọn ni wọ́n sọ di ẹ̀bùn, tí wọ́n sì fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

5.0 Yoo Jae-suk: láti orí ẹ̀bùn dé orí oyè

Ní ọdún 1991, Yoo Jae-suk kópa nínú ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ apanilẹ́rìn-ín tí KBS ṣe. Ẹ̀bùn ìṣírí, tí ó kéré sí ohun tí ó ń retí, ni wọ́n fún un. Àwòrán ọjọ́ náà ṣì wà, tẹlifíṣọ̀n sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà: ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń bọ̀ wá gba ẹ̀bùn, ó ń fi ìka ro etí, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Èrè ni ó rò pé òun ń bọ̀ wá gbà, ojú rẹ̀ sì sọ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi wà nínú òkùnkùn lẹ́yìn èyí, tí ó ń ṣe ipa kéékèèké. Ọdún 2005 ni KBS tó fún un ní Daesang àkọ́kọ́.

Láti ìgbà náà, Daesang ń wọlé tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Baeksang pẹ̀lú sì fún un ní ẹ̀bùn ńlá ti tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2013 àti ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ fún àyẹ̀wò ju iye wọn lọ ni ohun méjì tí ó ṣẹlẹ̀ ní òru méjì tẹ̀léra ní ọdún 2019.

Ní òru ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, òru tí Kim Gu-ra sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, SBS fún Yoo Jae-suk ní Daesang fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí Running Man, ètò tí ó ti ń ṣe láti ọdún 2010. Nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀, ó dárúkọ Sulli àti Goo Hara, àwọn olórin ọ̀dọ́mọbìnrin méjì tí wọ́n ti wá sórí ètò náà rí, tí wọ́n sì kú ní ọdún náà gan-an, ọ̀kan ní oṣù Kẹwàá, èkejì ní oṣù Kọkànlá. Ó gbàdúrà pé kí wọ́n lè ṣe ohun tí ó wù wọ́n níbi tí wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ní àṣà tirẹ̀ ní Kòríà: dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, lọ́wọ́ ẹbí, kí o sì ṣèlérí pé wàá túbọ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gba ẹ̀bùn ni. Nípa dídárúkọ àwọn òkú lójú àwọn tí ń pa owó nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, Yoo Jae-suk kúrò ní ipò ẹni tí ó gba ẹ̀bùn, ó bọ́ sí ipò ẹni tí ó jẹ oyè. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó kàn kọ̀ kí àjọyọ̀ náà kọjá bí ẹni pé wọn kò gbé ayé rí.

Ní òru kejì, MBC fún ẹni kan náà ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo. Nínú ètò tí Kim Tae-ho darí, ó ti di olórin trot ní orúkọ Yoo San-seul, orúkọ yìí ni wọ́n sì fi pè é wá sórí pèpéle, ọdún 28 lẹ́yìn ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí ó ní ìtumọ̀. Ó fi hàn pé àkàbà àmì-ẹ̀yẹ, láti ẹni tuntun dé Daesang, kì í ṣe ìdàgbàsókè iṣẹ́ gan-an; àtẹ orúkọ ni, wọ́n sì lè dà á rú. Ọkùnrin tí ó fi ìka ro etí nítorí ẹ̀bùn kékeré ní ọdún 1991 ti wá gba ẹ̀bùn ọmọdé pẹ̀lú ayọ̀ lẹ́yìn tí ó ti jẹ oyè àgbà.

Kò yẹ kí ìyìn bo àléébù. Oyè tí ó bá pẹ́ lórí ẹnì kan a máa dí ọ̀nà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láàrin Yoo Jae-suk àti Kang Ho-dong, oníjàkadì àtijọ́ tí ó gba Daesang KBS àti ti MBC ní ọdún 2008, ni àmì-ẹ̀yẹ náà ń lọ tí ó ń bọ̀. Àwọn obìnrin ni èyí pa lára jù. Lee Hyori, tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Fin.K.L ní ọdún 1998, gba Daesang orin KBS ní ọdún 2003, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gba ti ìdánilárayá ní SBS ní ọdún 2009, òun àti Yoo Jae-suk ni wọ́n jọ gbà á. Ọdún 2018 ni obìnrin tó kọ́kọ́ gba Daesang ìdánilárayá KBS, Lee Young-ja. Bí ìwà rere olóyè ti wù kí ó pọ̀ tó, kò lè ṣe àtúnṣe ọwọ́ àwọn tí ń fi oyè jẹ.

6.0 Ìdájọ́ tí gbogbo ènìyàn gbọ́

Ètò kan wà tí ó yẹ kí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àjọyọ̀ wọ̀nyí fún ìfiwéra: ìdíje orin gbogbo orílẹ̀-èdè tí KBS bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1980. Song Hae, tí wọ́n bí ní ọdún 1927, ni ó ṣe atọ́kùn rẹ̀ láti ọdún 1988 títí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní ọdún 2022. Ọdún náà ni Guinness kà á sí atọ́kùn ìdíje orin tẹlifíṣọ̀n tí ó dàgbà jù lágbàáyé. Àgbẹ̀, oníṣòwò, ìyá arúgbó àti ọmọ kékeré ni ó ń kọrin níbẹ̀, láti ìlú dé ìlú. Bí ẹni kan bá kọrin tí kò dùn, wọn a lu agogo lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Bí ó bá dùn, agogo a dún léraléra. Gbogbo agbo gbọ́ orin náà, gbogbo agbo sì gbọ́ agogo. Bí agogo bá ṣìṣe, ará ìlú mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó pàdánù a máa rẹ́rìn-ín sọ̀kalẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi ọdún ìgbà èwe rẹ̀ dógò nítorí agogo náà. Ohun tí ó ya agogo yìí sọ́tọ̀ sí ìbò Produce 101 ni pé ìdí ìdájọ́ wà ní gbangba, ohun tí wọ́n sì fi ta tẹ́tẹ́ kò ju ohun tí ènìyàn lè pàdánù lọ.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé orúkọ kan tí wọ́n ń pè ní Daesang bo ohun mẹ́ta mọ́lẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí èrè, gbèsè ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san án fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìṣirò tí ó ṣeé yẹ̀ wò. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, ó lè dùn, kò sì sí ibi nínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti pè é ní ìdájọ́. Gẹ́gẹ́ bí oyè, ìgbà tí ó bá kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó fi jẹni ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn òǹwòran tí ó bínú ní ọdún 2008 àti àwọn tí ó jókòó ti nọ́mbà ìbò ní ọdún 2019 ti ṣe lámèyítọ́ tí àwọn adájọ́ kò ṣe: wọ́n béèrè pé kí èrè jẹ́ èrè. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn tí ń kọ̀wé lórí ìdánilárayá Kòríà ni pé kí wọ́n dẹ́kun kíka àmì-ẹ̀yẹ bí ebè. Nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa béèrè ẹni tí ó fúnni, ohun tí wọ́n jẹ ẹni tí ó gbà, àti orúkọ tí a kò kà kí tirẹ̀ tó jáde.